Ọnà abẹ́rẹ́ ọwọ́ tó ń wú lórí adìrẹ àti aṣọ òkè: ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Aláró Kékeré
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ọ̀gá. Iṣẹ́ méjì ló wà nílẹ̀. Ọ̀kan ni aṣọ àpò ìrọ̀rí, adìrẹ ẹlẹ́kọ tó ní ọnà tí wọ́n ń pè ní Ìbàdàndùn, ínṣì 18 níbùú lóròó, tí n kò tíì rán pọ̀. Mo fẹ́ fi abẹ́rẹ́ tẹ̀lé díẹ̀ nínú ọnà ara rẹ̀. Ìkejì ni pọ́ọ̀sì aṣọ òkè tí mo fẹ́ ṣe òdòdó méjì sí. N kò fẹ́ ẹ̀rọ mónógíràmù rárá, mo fẹ́ kí ẹni tó bá fọwọ́ kàn án mọ̀ pé nǹkan wú níbẹ̀. French knot, kókó kéékèèké tí à ń ta sójú aṣọ, tí mo dán wò, ìdajì rẹ̀ bọ́ sẹ́yìn aṣọ. Satin, èyí tí à ń to òwú ti ara wọn láti fi bo àwòrán, fa aṣọ hunjọ. Irú òwú wo, fọ́nrán mélòó, abẹ́rẹ́ wo? Ẹ má bínú, ẹ là á yé mi bí ẹni ń kọ́ ọmọdé.

Ìyá Olówùú
Ọmọ mi, ká kọ́kọ́ mú ọ̀rọ̀ aró kúrò nílẹ̀, òun ló ń ba irú iṣẹ́ yìí jẹ́ jù. Adìrẹ tuntun, pàápàá èyí tí wọ́n fi ẹ̀lú gidi rẹ, máa ń ní aró àṣẹ́kù tó kàn bà lé ojú aṣọ. Bí o bá fi òwú funfun ṣọnà sí i láìfọ̀ ọ́, ìka rẹ ni yóò kọ́kọ́ di aláró, òwú a sì tẹ̀lé e. Fi omi tútù àti ọṣẹ tí kò le fọ̀ ọ́, ṣàn án títí omi yóò fi mọ́, sá a sábẹ́ òjìji, lẹ́yìn náà kí o lọ̀ ọ́. Fi aṣọ funfun tó tutù díẹ̀ nù ún bí ogún ìgbà. Bí funfun náà bá ṣì ń di búlúù, tún un fọ̀.

Àǹfààní kejì ni pé fífọ̀ náà ń kó ẹ̀kọ tó ṣẹ́kù lára aṣọ lọ. Adìrẹ tó bá ṣì gan máa ń mú abẹ́rẹ́ há, òwú a sì máa yọ irun kó tó dé ìdajì iṣẹ́.

Bísí Onígèlè
Ẹ fi ẹ̀kúnwọ́ iyọ̀ kan àti fínígà rẹ ẹ́ mọ́jú. Yóò de aró náà pa.

Ìyá Olówùú
Bísí, ọ̀pọ̀ ènìyàn ló ń sọ bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀lú ò gbọ́ èdè iyọ̀. Inú ìkòkò aró ló ti ń yòrò. Bí aṣọ bá jáde tí atẹ́gùn fẹ́ sí i, ó di búlúù, kì í sì í yòrò nínú omi lásán mọ́. Èyí tó ti wọnú òwú aṣọ ti há síbẹ̀. Èyí tó wà lójú aṣọ kò dì mọ́ nǹkan kan, kò sì sí iyọ̀ tàbí fínígà tó lè dì í mọ́ ọn. Fífọ̀ nìkan ló ń mú un kúrò.

Fọ́nrán Mẹ́fà
Ó kan òwú àti abẹ́rẹ́.

Òwú onífọ́nrán mẹ́fà ni ti ilé-iṣẹ́ DMC àti Anchor tí ẹ ń rí lọ́jà. Ìdì DMC kan jẹ́ mítà 8. Fọ́nrán mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ṣe é yà, ìwọ lo máa pinnu iye tí o fẹ́ lò. Èkejì ni òwú pearl: ẹyọ kan ni, wọ́n lọ́ ọ le, kì í ṣe é yà. Nọ́ńbà 5 rẹ̀ nípọn ju nọ́ńbà 8 lọ. Fún ọnà tó ń wú, pearl ni n ó kọ́kọ́ mú, torí lílọ́ tí wọ́n lọ́ ọ le ń jẹ́ kó dúró bí o ṣe fi í sílẹ̀. Onífọ́nrán mẹ́fà máa ń tẹ́jú, ó sì máa ń dán, ìyẹn ló ṣe dára fún satin.

Gé òwú ní ìwọ̀n sẹ̀ǹtímítà 45, ìyẹn láti ìgúnpá dé orí ìka. Ojú abẹ́rẹ́ àti aṣọ máa ń họ òwú ní gbogbo ìgbà tó bá kọjá, òwú gígùn a sì ti di onírun kó tó tán. Bí o bá fẹ́ fọ́nrán mẹ́ta, má fa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yọ lẹ́ẹ̀kan náà, yóò takókó. Di orí òwú mú, fa ẹyọ kan yọ sókè tààrà, tún fa òmíràn, lẹ́yìn náà kó wọn jọ. Òwú tí a yà lọ́kọ̀ọ̀kan báyìí máa ń fẹ̀, ó sì ń bo aṣọ dáadáa ju èyí tó ṣì lọ́ mọ́ra wọn.

Ní ti abẹ́rẹ́, èyí tí wọ́n ń pè ní crewel ni kí o rà, ojú rẹ̀ gùn. Bí nọ́ńbà ṣe ń ga ni abẹ́rẹ́ ń tín. Nọ́ńbà 9 fún fọ́nrán kan tàbí méjì, 7 fún mẹ́ta, 5 fún mẹ́rin dé mẹ́fà. Pearl nọ́ńbà 5 fẹ́ chenille 22, abẹ́rẹ́ tó mú ṣóńṣó, tí ojú rẹ̀ tóbi. Ihò tí abẹ́rẹ́ bá dá ló yẹ kó gba òwú kọjá láìfì í ha ara. Bí abẹ́rẹ́ bá kéré jù, òwú ni yóò jìyà. Bó bá tóbi jù, ihò kò ní padé mọ́.

Aláró Kékeré
Háà! Nọ́ńbà 3 ni mo fi ran fọ́nrán méjì. Ṣé òun ló ń jẹ́ kí kókó mi bọ́?

Kókó Kì Í Tú
Ìdajì ẹ̀sùn nìyẹn. Ìdajì yòókù wà níbi tí o ti ń dá abẹ́rẹ́ padà. Bí French knot ṣe ń lọ nìyí:

Aṣọ gbọ́dọ̀ wà nínú férémù, òrùka méjì tó ń di aṣọ mú, kó le bí awọ gángan, nítorí ọwọ́ méjèèjì ni yóò ṣiṣẹ́. Fa òwú yọ sójú aṣọ. Fi ọwọ́ òsì di òwú mú ní bí ínṣì méjì sí ibi tó ti jáde. Gbé abẹ́rẹ́ kalẹ̀ síwájú òwú, kí o wé òwú mọ́ abẹ́rẹ́ lẹ́ẹ̀kan tàbí lẹ́ẹ̀mejì. Kó o tó ki ṣóńṣó abẹ́rẹ́ padà sínú aṣọ, wo ibi tí ò ń kì í sí. Kì í ṣe ihò tó ti jáde. Fi òwú aṣọ kan tàbí méjì sílẹ̀ láàárín, òun ni afárá tí kókó máa jókòó lé. Bí o bá dá a padà sínú ihò kan náà, kò sí ohun tó dì í mú, yóò bá òwú lọ sẹ́yìn. Nígbà tí ṣóńṣó abẹ́rẹ́ ti wọlé, fa òwú díẹ̀ kí wíwé náà sọ̀ kalẹ̀ wá kan aṣọ. Ìgbà náà ni kí o ti abẹ́rẹ́ kọjá. Ọwọ́ òsì kò gbọdọ̀ jọ̀wọ́ òwú títí yóò fi ku bí ìka kan.

Bí abẹ́rẹ́ bá há, o wé e le jù. Bí kókó bá ní etí tó yọ síta, o tètè jọ̀wọ́ òwú. Bí o bá fẹ́ kókó ńlá, fọ́nrán ni kí o fi kún, má fi kún iye wíwé. Èyí tí a wé ju ẹ̀ẹ̀mẹta lọ máa ń ṣubú sẹ́gbẹ̀ẹ́. Fọ́nrán mẹ́ta, wíwé méjì, ó tó fún adìrẹ.

Fún kókó nìkan, pa crewel tì, kí o lo abẹ́rẹ́ tí wọ́n ń pè ní milliners. Ojú crewel fẹ̀ ju ara rẹ̀ lọ, ibẹ̀ ni wíwé máa ń há sí. Ti milliners, ojú àti ara fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba. Bullion ṣòroó ṣe láìsí i, ká má tan ara wa. Bullion ni kókó gígùn tó dà bí kòkòrò: gán abẹ́rẹ́ sẹ́yìn ní bí mílímítà 8, má fà á yọ tán, wé òwú mọ́ ṣóńṣó rẹ̀ títí wíwé yóò fi gùn tó àlàfo náà, fi ẹyọ kan tàbí méjì lé e, fi àtàńpàkò tẹ̀ wọ́n mọ́lẹ̀, kí o sì fa abẹ́rẹ́ kọjá. Bí òwú bá ń tú bí o ti ń wé e, yí ọwọ́ padà, kí o máa wé e lódì kejì.

Télọ̀ Ìsàlẹ̀ Ọjà
Ẹ jẹ́ n gba ti satin, torí òun ni àwọn ènìyàn rò pé ó rọrùn jù, òun ló sì le jù nínú gbogbo rẹ̀.

Aṣọ ń hunjọ nítorí pé férémù dẹ̀, tàbí o ń fa òwú le, tàbí o jẹ́ kí òwú gùn jù lójú aṣọ. Ohun tí èèyàn máa lò, bí ìrọ̀rí, má jẹ́ kí òwú kan gùn ju mílímítà 8 lọ lójú aṣọ. Bó bá ti ń sún mọ́ sẹ̀ǹtímítà kan, yẹtí àti èékánná ló máa fà á yọ. Bí àwòrán bá fẹ̀ jù bẹ́ẹ̀, fi ìlà là á sí méjì láàárín bí ewé, kí o ṣe apá kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀.

Kí ó tó wú, ó nílò ìrọ̀rí tirẹ̀ nísàlẹ̀. Kọ́kọ́ fi split stitch yí etí àwòrán ká: o máa ń gún abẹ́rẹ́ yọ láàárín òwú tí o ṣẹ̀ṣẹ̀ fi lélẹ̀, kó là á sí méjì. Etí yìí ló ń jẹ́ kí ojú satin gún bí ẹni fi ọ̀bẹ gé e. Lẹ́yìn náà, fi ọnà ẹ̀wọ̀n (ojú òwú tó kọ́ ara wọn lẹ́sẹẹsẹ) tàbí gígán lásán kún inú rẹ̀ lóròó, ìpele kan tàbí méjì, kí àárín ga ju etí lọ. Satin wá gba òkè kọjá níbùú. Òdì sí òdì ni. Bí ìsàlẹ̀ àti òkè bá dojú kọ ọ̀nà kan náà, ti òkè yóò rì sáàárín ti ìsàlẹ̀, gbogbo làálàá náà a sì di òfo. Bẹ̀rẹ̀ láti àárín àwòrán, lọ dé ìparí kan, padà sí àárín, kí o lọ dé ìparí kejì. Ẹni tó bẹ̀rẹ̀ láti etí, òwú rẹ̀ ti dagun kó tó dé àárín. Fọ́nrán kan tàbí méjì péré. Abẹ́rẹ́ máa ń wọlẹ̀ ní òde split stitch gan-an, kò gbọdọ̀ gún un.

Ọnà Ò Gbẹ́kẹ̀lé Ẹ̀rọ
Mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lórí Ìbàdàndùn fúnra rẹ̀. Ìyẹ́ adìẹ ni wọ́n fi ń ya ẹ̀kọ sí adìrẹ ẹlẹ́kọ, nítorí náà kò sí ìlà tó gún pátápátá. Ẹ má gbìyànjú láti tún un ṣe. Bí abẹ́rẹ́ bá gún ju ìyẹ́ lọ, ọnà yóò dà bí ohun tí a lẹ̀ mọ́ aṣọ.

Má sì ṣọnà sí gbogbo rẹ̀. Mú igun mẹ́rin kan tàbí méjì, fi ìyókù sílẹ̀ fún aró. Èyí tó ní òpó gbọ̀ngàn Màpó àti ṣíbí láàárín wọn ni n ó yàn, torí ìlà rẹ̀ nípọn. Ẹ̀wọ̀n ló bá òpó mu, èyí tí wọ́n ń pè ní chain stitch, pẹ̀lú pearl nọ́ńbà 8 funfun, ojú ẹ̀wọ̀n kọ̀ọ̀kan ní mílímítà 3. Má fa ojú rẹ̀ le. Ẹ̀wọ̀n tó bá fún jù di ìlà lásán, kò sì ní wú mọ́. Bí o bá dé igun òpó, fi òwú kékeré kan de ojú tó gbẹ̀yìn mọ́lẹ̀, kí o wá bẹ̀rẹ̀ ẹ̀wọ̀n tuntun láti inú rẹ̀. Bí o bá kàn yí i, igun yóò tẹ̀, kò ní mú mọ́.

Lẹ́yìn èyí, mú òwú búlúù fẹ́ẹ́rẹ́ sínú abẹ́rẹ́ tí ṣóńṣó rẹ̀ kò mú, kí o máa ti abẹ́ ẹ̀wọ̀n kọ̀ọ̀kan wọlé, apá kan náà nígbà gbogbo, láì gún aṣọ. Ìlà náà yóò dà bí okùn tí a lọ́. Kò tó wákàtí kan fún òpó kan, ẹwà rẹ̀ sì ju iṣẹ́ rẹ̀ lọ.

Ṣíbí ni kí o ṣe ní satin tí télọ̀ ṣàlàyé. Àwọn tótótó inú àlàfo ni kókó. Bó o bá rí i, ìpele mẹ́ta ti wà: aṣọ pẹrẹsẹ, okùn tó ga díẹ̀, kókó àti ṣíbí tó ga jù. Bí gbogbo rẹ̀ bá wú bákan náà, ọwọ́ kò ní rí ìyàtọ̀ kankan.

Bísí Onígèlè
Òwú tó nípọn tí kò lè gba inú aṣọ kọjá ńkọ́? Mo ní òwú lúrẹ́ẹ̀sì tó dán.

Fọ́nrán Mẹ́fà
Má fi abẹ́rẹ́ gún òun, dè é mọ́lẹ̀ ni. Tẹ́ ẹ sórí ìlà, kí o fi òwú tín-ín-rín tí àwọ̀ wọn bára mu gba orí rẹ̀ kọjá ní gbogbo mílímítà 4 sí 5, gún ún wọlé ní ẹ̀gbẹ́ kejì tààrà. Òwú ẹ̀rọ ìránṣọ gan-an wúlò níbí. Níbi tí ìlà ti tẹ̀, sún àwọn ìdè mọ́ra. Orí méjèèjì lúrẹ́ẹ̀sì, fi sẹ̀ǹtímítà 3 sílẹ̀, fi abẹ́rẹ́ olójú ńlá fà á lọ sẹ́yìn aṣọ, kí o rán an mọ́ ibẹ̀. Má gé e lójú aṣọ, yóò tú.

Irú iṣẹ́ dídè báyìí àti ihò wẹ́wẹ́ tí wọ́n ń rán yíká wà lára àgbà ọnà ọrùn agbádá àti ti ẹ̀wù àwọn Haúsá àti Nupe. Ẹni tó bá fẹ́ rí i dáadáa, kó wo ẹ̀yìn ògbólógbòó agbádá tí wọ́n fọwọ́ ṣe, kì í ṣe ojú rẹ̀. Ẹ̀yìn ló ń sọ bí ọwọ́ ṣe rìn.

Aláró Kékeré
Ẹ ṣeun púpọ̀. Pọ́ọ̀sì aṣọ òkè ńkọ́? Òwú inú rẹ̀ ń ṣí sílẹ̀ bí mo bá gún un.

Télọ̀ Ìsàlẹ̀ Ọjà
Aṣọ òkè fẹ́ ẹni tó máa dì í mú lẹ́yìn. Fi gọ́ọ̀mù sitéè fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, èyí tí à ń fi áyọ́ọ̀nù lẹ̀, lẹ̀ ẹ́ lẹ́yìn, ṣùgbọ́n kọ́kọ́ dán an wò lórí àjákù: áyọ́ọ̀nù tó gbóná máa ń sún lúrẹ́ẹ̀sì kì, nígbà mìíràn ó máa ń yọ́ ọ. Bí àjákù bá hunjọ, pa gọ́ọ̀mù tì, kí o gán aṣọ òwú pẹlẹbẹ mọ́ ẹ̀yìn rẹ̀, kí o máa gún méjèèjì pọ̀. Má fi òdòdó sórí ibi tí wọ́n ti so ọ̀já aṣọ òkè pọ̀. Ibẹ̀ nípọn, abẹ́rẹ́ máa ń yà sẹ́gbẹ̀ẹ́, àárín òdòdó a sì wọ́.

Kókó Kì Í Tú
Òdòdó tó yẹ aṣọ òkè jù ni èyí tí a hun, tí kì í gún aṣọ púpọ̀. Ya òbìrí kan tí ìbú rẹ̀ jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 2. Láti àárín, na òwú márùn-ún jáde dé etí bí ẹsẹ̀ aláǹtakùn. Ó gbọ́dọ̀ jẹ́ márùn-ún tàbí méje. Bó bá jẹ́ mẹ́rin tàbí mẹ́fà, òwú yóò máa gba orí àwọn ẹsẹ̀ kan náà kọjá ní gbogbo ìyípo, kò sì ní hun. Gún abẹ́rẹ́ yọ nítòsí àárín, kí o máa gba òkè ẹsẹ̀ kan, abẹ́ èkejì, yí i po. Ìyípo méjì àkọ́kọ́, fà á le kí àárín má ṣí. Lẹ́yìn ìyẹn, dẹ̀ ẹ́ díẹ̀díẹ̀ kí etí òdòdó lè wú. Máa hun ún títí ẹsẹ̀ kò fi ní hàn mọ́, kódà bó bá dà bí pé ó ti kún. Ibi tó bá ku ẹsẹ̀ tó ń yọjú ló ń jẹ́ kí òdòdó rí bí taya kẹ̀kẹ́.

Pearl nọ́ńbà 5 ni, pẹ̀lú abẹ́rẹ́ tí ṣóńṣó rẹ̀ kò mú. Bó ò bá ní i, yí abẹ́rẹ́ rẹ padà, kí ìdí rẹ̀ máa ṣáájú. Òwú òdòdó kan lè tó mítà kan àbọ̀, nítorí náà gé e gùn ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Kì í gún aṣọ púpọ̀, kò ní tètè họ.

Aláró Kékeré
Ìbéèrè mẹ́ta tó kù: báwo ni mo ṣe máa ya àwòrán sórí aṣọ tó dúdú báyìí? Férémù ti tẹ kókó kan pa fún mi. Ṣé mo lè ta kókó sídìí òwú kí n tó bẹ̀rẹ̀?

Ìyá Olówùú
Èérún ọṣẹ tó ti gbẹ, èyí tó tín-ín-rín létí, ni kí o fi ya á. Ó hàn lórí búlúù, ó sì ń fọ̀ kúrò. Ṣọ́ọ̀kì télọ̀ funfun náà ń ṣiṣẹ́, àmọ́ kì í pẹ́ parẹ́. Má sún mọ́ kábọ́ọ̀nù tí wọ́n fi ń tẹ ìwé, yóò ta bá òwú rẹ.

Férémù: ra èyí tó tóbi ju igun mẹ́rin tí ò ń ṣe lọ, kí etí rẹ̀ má baà gun ohun tó wú. Bí kò bá sí, ṣe àwọn ohun pẹrẹsẹ àti ẹ̀wọ̀n kọ́kọ́, kí kókó àti òdòdó gbẹ̀yìn. Wé àjákù aṣọ òwú mọ́ òrùka inú kó má yọ̀. Yọ aṣọ kúrò nínú férémù bí o bá ti dáwọ́ dúró, àmì òrùka tó bá sùn mọ́jú lára adìrẹ máa ń ṣòroó lọ̀ kúrò.

Ní ti kókó ìdí òwú, mi ò fẹ́ ẹ. Ó máa ń yọ gọngọ sójú aṣọ lẹ́yìn tí a bá lọ̀ ọ́, aṣọ òkè tó ṣí sílẹ̀ sì máa ń jẹ́ kó fà kọjá. Gán ẹ̀ẹ̀mejì kéékèèké síbi tí ọnà yóò bò mọ́lẹ̀, ó ti tó.

Ọnà Ò Gbẹ́kẹ̀lé Ẹ̀rọ
Màmá, fún ìrọ̀rí tó ní aṣọ inú, kókó ìdí òwú kò burú tó bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá ń ṣe ogójì kókó lójú aṣọ, ta ló máa rí ọ̀kan lẹ́yìn?

Ìyá Olówùú
Ọwọ́ yóò rí i. Ṣebí ọwọ́ la ní kó máa kàn án.

Télọ̀ Ìsàlẹ̀ Ọjà
Aláró, nígbà tó bá parí: má lọ̀ ọ́ lójú. Tẹ́ táwẹ́ẹ̀lì tó nípọn, dojú ọnà délẹ̀ sórí rẹ̀, kí o fi áyọ́ọ̀nù tẹ ẹ̀yìn rẹ̀, gbé e, tún tẹ̀ ẹ́, má wọ́ ọ. Bó bá di fífọ̀, omi tútù, ọwọ́, má sì fún un. Òwú pupa ni kí o ṣọ́ra fún. Kó o tó lò ó, rẹ ìwọ̀nba rẹ̀ sínú omi, kí o tẹ̀ ẹ́ mọ́ aṣọ funfun. Bó bá ta, dá a padà fún ẹni tó tà á.

Aláró Kékeré
Mo ti ra milliners. Kókó méjìlá, kò sí ọ̀kan tó bọ́. Méjì ní etí.

Kókó Kì Í Tú
Ọwọ́ òsì. Má tíì jọ̀wọ́ rẹ̀.